Ìpẹ́ Ẹja: Ẹlẹ́rìí Ìdílé àti Ìtàn Ẹja

  

Ohun tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ohun tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́, tí a sì ń dà nù láìbìkítà. Ohun náà ni ìpẹ́ ẹja. Bí a bá ra ẹja tútù, a ó fi ọ̀bẹ họ ìpẹ́ rẹ̀, a ó gbá a jọ, a ó sì dà á sí ààtàn. Síbẹ̀, ìpẹ́ yìí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn àmì tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìdílé tí ẹja ti wá, tí wọ́n sì fi ń mọ bí ìran ẹja ti ń yí padà láti ayé àtijọ́ títí di òní.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Kí ni èyí kan àgbẹ̀? Ẹja tí ó tóbi, tí ó sì sanra ni mo ń wá. Kí ni mo fẹ́ fi ìdílé rẹ̀ ṣe?" Ìdáhùn wa ni pé àgbẹ̀ tí kò mọ irúgbìn rẹ̀ kò lè mọ ohun tí yóò kórè. Ẹni tí ó ra ọmọ ẹ̀pìyà, tí wọ́n sọ fún un pé irú tí ń tètè tóbi ni, tí kò sì lè dá irú náà mọ̀ fúnra rẹ̀, lè bọ́ ẹja fún oṣù mẹ́fà kí ó tó rí i pé ẹja wẹ́wẹ́ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni ó kún inú adágún òun. Owó oúnjẹ ti lọ, àkókò ti lọ, ọjà kò sì gba ẹja náà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí: kí ẹ lè mọ ohun tí ìpẹ́ lè sọ fún yín, kí ẹ sì mọ ohun tí kò lè sọ.

1. Kí ni ìpẹ́?

Ìpẹ́ jẹ́ ẹ̀wù ogun tí Ẹlẹ́dàá fi wọ ẹja. Nínú awọ ni ó ti ń hù jáde. Ní ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja tí a ń jẹ, ìpẹ́ kan máa ń gun orí èkejì, gẹ́gẹ́ bí páànù tí a fi bo ilé ṣe máa ń gun ara wọn kí òjò má baà wọlé. Apá iwájú ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú awọ. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó yọ síta tí a ń fi ọwọ́ kàn.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa ìpẹ́ irú àwọn ẹja bẹ́ẹ̀. Èkínní ni pé iye ìpẹ́ wọn kì í pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń dàgbà. Nígbà tí ẹja ṣì kéré ni iye ìpẹ́ rẹ̀ ti pé. Lẹ́yìn èyí, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń tóbi sí i bí ara ẹja náà ti ń tóbi. Nítorí náà, ẹ̀pìyà tí ó gùn tó ìka ọwọ́ àti èyí tí ó tóbi tó àwo ọbẹ̀ lè ní iye ìpẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń ka ìpẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹ̀yà ẹja.

Èkejì ni pé bí ìpẹ́ kan bá bọ́, òmíràn yóò hù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó hù lẹ́yìn kì í ní àmì kankan ní àárín, nítorí pé kò sí níbẹ̀ nígbà èwe ẹja náà. Ọmọ tí kò sí nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ kò lè jẹ́rìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ tún kíyè sí ìlà kan tí ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹja láti ẹ̀yìn orí lọ sí ìdí ìrù. Ìpẹ́ tí ó wà lórí ìlà yìí ní ihò tíntìntín. Ibẹ̀ ni ẹja fi ń mọ̀ bí omi bá mì tàbí bí ohun kan bá ń bọ̀ lápá ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà ẹ̀gbẹ́ ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí.

2. Oríṣi ìpẹ́ mẹ́rin

Láàrin ọdún 1833 sí 1843, ọmọ ilẹ̀ Siwítsálándì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Louis Agassiz tẹ ìwé ńlá jáde lórí àwọn ẹja ayé àtijọ́ tí òkú wọn ti di òkúta nínú ilẹ̀. Ara ẹja a máa jẹrà, ṣùgbọ́n ìpẹ́ líle a máa pẹ́ nínú òkúta. Nítorí náà ni Agassiz ṣe fi ìpẹ́ pín gbogbo ẹja sí ọ̀nà mẹ́rin. Oríṣi ìpẹ́ mẹ́rin náà nìyí:

(a) Ìpẹ́ bí eyín. Èyí ni ti àkurákudà inú òkun. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á láti orí lọ sí ìrù, ó lè dà bí ẹni pé ó ń dán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ ra á padà sí orí, yóò há yín lọ́wọ́. Ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan dà bí eyín kékeré, nítorí ohun tí ó wà nínú eyín ni ó wà nínú rẹ̀: ihò ẹlẹ́ran ní àárín, ohun líle bí eegun yí i ká, ohun dídán tí ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà lókè. Irú ìpẹ́ yìí kì í tóbi bí ẹja ti ń tóbi; àwọn tuntun ni ó máa ń hù sí àárín àwọn ti àtijọ́. Láyé àtijọ́, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ òkèèrè máa ń fi awọ àkurákudà gbígbẹ dán igi, bí a ti ń fi sáńpépà ṣe lónìí.

(b) Ìpẹ́ alápáta. Ìpẹ́ yìí nípọn, ó le bí eegun, ó sì ń dán bí ẹni pé a fi òróró kùn ún. Igun mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kan sì máa ń ki ìkọ́ rẹ̀ bọ inú ìkejì, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ìhámọ́ra kan ṣoṣo. Àwọn ẹja tí wọ́n ní in kò pọ̀ mọ́ láyé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà wa ni ìdílé pàtàkì kan nínú wọn kù sí. Àwọn ni Polypterus, ẹja gígùn tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gé sí wẹ́wẹ́ bí àsíá kéékèèké tí a tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n wà nínú odò Ọya. Ìbátan wọn kan tí ó rí bí ejò, tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Erpetoichthys calabaricus, wà nínú omi ilẹ̀ wa láti odò Ògùn lọ títí dé apá Kàlàbá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn apẹja mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í tètè wọ ara irú ẹja bẹ́ẹ̀.

(d) Ìpẹ́ roboto dídán. Ìpẹ́ yìí fúyẹ́, ó ṣeé tẹ̀, etí rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Ẹ̀pìyà inú adágún yín ní in. Ṣáwá náà ní in, àmọ́ ti ṣáwá máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́.

(e) Ìpẹ́ eléyín òòyà. Ó fúyẹ́ bí ti (d), ṣùgbọ́n apá tí ó yọ síta ní eyín wẹ́wẹ́ bí ti òòyà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra irú ẹja yìí láti ìrù sí orí, ẹ ó mọ̀ pé ó há díẹ̀. Kròkà inú òkun ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja ńlá inú odò Ọya tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, èyí tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Lates niloticus.

3. Ohun tí ìpẹ́ sọ nípa ìtàn ìran ẹja

Bí a bá to àwọn ẹja tí ó ti di òkúta sílẹ̀ láti orí èyí tí ó pẹ́ jù títí dé èyí tí kò tíì pẹ́, a ó rí ohun kan tí ó hàn gbangba. Púpọ̀ nínú àwọn ẹja àtijọ́ wọ ìpẹ́ tí ó nípọn, tí ó sì wúwo. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìpẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ń fẹ́lẹ́ sí i: ohun dídán òkè kúrò, ipele eegun sì dín kù, títí ó fi ku pẹlẹbẹ fífúyẹ́ tí a ń họ lónìí. Ìhámọ́ra wúwo ń dáàbò bo ara, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ènìyàn sáré. Ẹja tí ìpẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ lè yí kánkán, ó sì lè sá fún ọ̀tá rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Polypterus inú odò Ọya jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣì wà láàyè. Ìdílé rẹ̀ ti yà kúrò lára ìyókù àwọn ẹja tí eegun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ gbé lẹbẹ wọn ró, kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín láàrin ara wọn. Ó pa ìpẹ́ àwọn baba ńlá mọ́, bí ìdílé kan ṣe lè máa wọ aṣọ òfì àtijọ́ nígbà tí gbogbo ìlú ti ń wọ aṣọ ìgbàlódé.

Àpẹẹrẹ mìíràn tí gbogbo ayé gbọ́ wá láti Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, obìnrin kan tí ń ṣe olùtọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú East London, Marjorie Courtenay-Latimer, rí ẹja àjèjì kan láàrin ẹja tí àwọn apẹja kó wá sí èbúté. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ J. L. B. Smith. Nígbà tí Smith rí àwòrán náà, tí ó sì tún rí díẹ̀ nínú ìpẹ́ rẹ̀, ó dá a lójú pé ẹja náà wá láti inú ìdílé kan tí gbogbo onímọ̀ gbà pé ó ti kú run láti ohun tí ó lé ní 60 mílíọ̀nù ọdún. Inú òkúta nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ náà. Ní ọdún 1939 ni Smith fún un ní orúkọ, ó pè é ní Latimeria chalumnae.

Àrọ̀ ńkọ́? Gbogbo wa mọ̀ pé àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí èyí àrọ̀ jẹ́ ẹja ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí ìpẹ́ kò tíì hù sí lára. Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà ni òótọ́: àwọn baba ńlá àrọ̀ ní ìpẹ́, ìran wọn ni ó bọ́ ọ sílẹ̀. Bákan náà ni òjíjí, ẹja tí ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì bí iná mànàmáná, àti ọ̀bọ̀kún, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àrọ̀. Àìní ìpẹ́ náà jẹ́ àmì ìdílé, gẹ́gẹ́ bí níní in ti jẹ́.

4. Ibi tí ìpẹ́ ti lè tàn wá jẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Ìpẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí rere, ṣùgbọ́n kò tó láti fi òun nìkan dá ẹjọ́. Ọ̀ràn Agassiz fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní èyí. Nígbà tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ yẹ eegun, ọkàn àti ọpọlọ àwọn ẹja wò, wọ́n rí i pé ó ti kó àwọn tí kì í ṣe ìbátan pọ̀ sí agbo kan nítorí pé ìpẹ́ wọn jọra, ó sì ti ya àwọn ìbátan nípá. Lónìí a kò fi ìpẹ́ nìkan pín ẹja mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń lo oríṣi mẹ́rin náà láti ṣàpèjúwe ìpẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Agassiz kò gbà títí ó fi kú ní ọdún 1873 pé ẹ̀yà kan lè yí padà di òmíràn, bí Charles Darwin ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1859. Síbẹ̀, àwọn ìpẹ́ tí ó fi sùúrù tò lẹ́sẹẹsẹ wà lára ẹ̀rí tí àwọn mìíràn wá fi ti ọ̀rọ̀ ìyípadà náà lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí a bá fi òtítọ́ ṣe a máa wúlò ju bí ẹni tí ó ṣe é ti rò lọ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mìíràn. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kan wà nínú òkun tí ojú wọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì sùn sórí iyẹ̀pẹ̀. Lára púpọ̀ nínú wọn, ìpẹ́ eléyín òòyà ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ìpẹ́ dídán ni ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Bí a bá fi ìpẹ́ nìkan pín ẹja, a ó ha la ẹja kan ṣoṣo sí ìdílé méjì bí?

5. Ọ̀ràn ẹ̀pìyà inú adágún wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò àgbẹ̀ gan-an nìyí. Ẹja tí a ń pè ní ẹ̀pìyà kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ ní omi ilẹ̀ wa ni Oreochromis niloticus, Sarotherodon galilaeus, àti Coptodon zillii. Nígbà kan rí, Tilapia ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo wọn. Obìnrin onímọ̀ kan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ́nù, Ethelwynn Trewavas, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún yẹ̀ wọ́n wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1983. Kò fi ara ẹja nìkan ṣe ìpínyà rẹ̀. Ó tún wo bí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wọn. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ mìíràn tún sọ ẹ̀ka Coptodon di ìdílé tí ó dá dúró.

Ìwà tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Coptodon zillii a máa yé ẹyin sórí ilẹ̀ odò tàbí ara òkúta, akọ àti abo yóò sì jọ ṣọ́ ọ. Abo Oreochromis niloticus a máa kó ẹyin rẹ̀ sí ẹnu títí yóò fi pa. Ní ti Sarotherodon galilaeus, akọ àti abo ni ó jọ ń fi ẹnu tọ́jú ẹyin. Coptodon zillii fẹ́ràn láti máa jẹ koríko àti ewé inú omi. Ó wúlò bí koríko bá bo adágún, ṣùgbọ́n a máa bí púpọ̀, kì í sì í tóbi tó niloticus. Niloticus ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ẹja lágbàáyé yàn.

Ṣé ìpẹ́ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa? Ó lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ìpẹ́ ẹ̀pìyà jẹ́ roboto dídán, ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gé sí méjì: ọ̀kan lókè ní iwájú, èkejì nísàlẹ̀ lápá ìrù. Èyí nìkan tó láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọmọ giwan ruwa, tí ìlà tirẹ̀ lọ tààrà láìgé títí dé inú ìrù, tí ìpẹ́ rẹ̀ sì há lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ẹ̀pìyà mẹ́ta yìí fúnra wọn, iye ìpẹ́ máa ń wọnú ara wọn. Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ pe àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn:

(i) Ìrù. Ìrù niloticus ní ìlà òòró dúdú tí ó tò tẹ̀léra láti ìdí dé etí rẹ̀.

(ii) Lẹbẹ ẹ̀yìn. Zillii ní àmì dúdú roboto kan ní ìsàlẹ̀ apá ẹ̀yìn lẹbẹ náà, àmì yìí sì máa ń wà lára rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Ẹ kíyè sára o: ọmọ ẹ̀pìyà yòókù náà máa ń ní àmì yìí nígbà èwe, kí ó tó parẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àmì yìí nìkan dá ọmọ ẹja kéékèèké lẹ́jọ́.

(iii) Eyín ibi ìmí. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja tí ó ti kú. Ẹ ó rí eegun tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí eyín wẹ́wẹ́ tò sí lára. Ẹ ka èyí tí ó wà ní apá ìsàlẹ̀ eegun àkọ́kọ́. Ti zillii kì í sábà ju 12 lọ. Ti niloticus àti ti galilaeus máa ń tó 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ohun kan tún kù tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ẹ̀yà ẹ̀pìyà kan lè gun òmíràn, kí wọ́n sì bí àdàlù. Bí àdàlù bá ti wọ inú adágún tàbí odò, àti mọ ojúlówó yóò di ìṣòro. Áfíríkà ni orírun ẹ̀pìyà gbogbo àgbáyé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìsọdọ̀tun ẹ̀pìyà ní ilẹ̀ Filipínì ní ọdún 1988, Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà àti Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti wá kó irú ẹja inú odò lọ. Ẹ̀pìyà inú odò wa jẹ́ irúgbìn tí àwọn ọmọ wa yóò nílò lọ́la. Bí a bá ń da ọmọ ẹja tí a kò mọ̀ sínú odò, irúgbìn náà ni a ń bà jẹ́.

6. Bí ẹ ó ṣe kọ́ láti ka ìpẹ́

Ẹ kò ní láti ra ẹja kan kí ẹ tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Láti Garki ní Àbújá ni a ti ń kọ̀wé sí yín. Bí ẹ bá dé ọjà Garki, tàbí ọjàkọ́jà tí ó súnmọ́ yín, ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí ń bá oníbàárà họ ẹja. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín ya ìpẹ́ ẹja kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: ti ẹ̀pìyà lọ́tọ̀, ti kròkà lọ́tọ̀, ti ṣáwá lọ́tọ̀. Ohun tí wọn ìbá dà nù ni yóò di ìwé kíkà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe báyìí:

(a) Bí ẹja bá wà lódindi, ẹ yọ ìpẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lókè ìlà ẹ̀gbẹ́, ní ìsàlẹ̀ ibi tí lẹbẹ ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe mú u láti ibi tí ọgbẹ́ wà.

(b) Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, kí ẹ fi ìka ra á títí ọ̀rá àti ikun yóò fi kúrò.

(d) Ẹ fi í sí àárín gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kí ó má baà ká bí ó ti ń gbẹ, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó.

(e) Ẹ wo etí rẹ̀: ó ha dán ni, tàbí ó ní eyín òòyà? Ẹ wo àárín rẹ̀: bí kò bá sí ìlà kankan níbẹ̀, ìpẹ́ tí ó hù rọ́pò òmíràn ni, ẹ jù ú nù, kí ẹ mú òmíràn.

(ẹ) Ẹ wo àwọn ìlà tí ó yí àárín náà ká bí ìgbì tí ó ń tàn nígbà tí a bá ju òkúta sínú omi. Bí ìpẹ́ ti ń tóbi ni ìlà tuntun ń wà létí rẹ̀.

(f) Ẹ fi ìpẹ́ gbígbẹ sínú àpòòwé bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ kọ orúkọ ẹja, ibi tí ó ti wá, àti ọjọ́ tí ẹ mú un sí ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ lè yọ àmì àjogúnbá tí ń jẹ́ DNA láti ara ìpẹ́ gbígbẹ tí ó ti pẹ́, wọ́n sì lè fi í mọ ojúlówó yàtọ̀ sí àdàlù. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ìpẹ́ àwọn ìyá ẹja rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

7. Ìpẹ́ àti ọjọ́ orí ẹja

Ìlà orí ìpẹ́ tún lè sọ ọjọ́ orí. Nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, ìlà wọn a máa jìnnà síra. Nígbà tí ìyà bá ń jẹ ẹja, wọn a máa súnmọ́ra. Ní ọdún 1898, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Hoffbauer, fi ẹja inú adágún tí ó mọ ọjọ́ orí wọn hàn pé òtútù ọdọọdún máa ń fi àmì sára ìpẹ́, bí ọdún ṣe ń fi òrùka sára igi.

Ní ilẹ̀ tiwa, òtútù kì í mú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀, ebi, àti àkókò ìbímọ lè fi àmì sílẹ̀, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ láàrin ọdún kan. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe kánjú ka àmì kọ̀ọ̀kan sí ọdún kan. Ohun tí ẹ lè fi ìdánilójú rí ni pé àwọn ìlà tí ó fún pọ̀ ń sọ pé ẹja náà ti rí ìgbà líle. Bí ó bá jẹ́ inú adágún yín ni ó ti dàgbà, ẹ ronú padà: ṣé oúnjẹ ni ó wọ́n, tàbí ẹja ni ó ti pọ̀ jù? Ní ti àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́, ẹ̀gún lẹbẹ àyà rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń là wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó ka ọjọ́ orí rẹ̀.

8. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe

Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kíkán ni yóò kán. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ ẹja ni kí ẹ ti wádìí, kì í ṣe nígbà tí adágún bá ti kún. Ẹ béèrè pé kí ẹni tí ń tà á fi àwọn ìyá àti bàbá ẹja náà hàn yín. Ẹ wo ìpẹ́ wọn, ìlà ẹ̀gbẹ́ wọn, ìrù wọn, lẹbẹ wọn. Bí òkú ẹja bá wà, ẹ ka eyín ibi ìmí rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá sọ ohun kan náà, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ san owó yín. Bí wọ́n bá tako ara wọn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tí ó wà ní agbègbè yín. Ẹ má sì ṣe da ẹja tí ẹ kò mọ̀ sínú odò, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ẹgbẹ́ yín

1. Kí ni ìdí tí iye ìpẹ́ fi wúlò fún mímọ ẹ̀yà ẹja ju bí ẹja náà ti tóbi tó lọ?
2. Ọ̀nà wo ni ìpẹ́ Polypterus gbà yàtọ̀ sí ti ẹ̀pìyà?
3. Kí ni ẹ ó sọ fún ẹni tí ó bá ní àrọ̀ kò ní ìpẹ́ nítorí pé kò tíì hù sí i lára?
4. Ẹnìkan gbé ọmọ ẹja tí ó ní àmì dúdú ní lẹbẹ ẹ̀yìn wá fún yín, ó ní zillii ni. Kí ni ẹ ó tún béèrè kí ẹ tó gbà á gbọ́?